Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: KÍKÓ ÌKÀNNÌ LỌ SÍ ILÉ TUNTUN



Ẹ jẹ́ ká sọ pé ikán ti mú òpó ọgbà iṣu yín. Iṣu sì wà nínú rẹ̀. Kí ni ẹ ó ṣe? Ṣé ẹ ó kọ́kọ́ wó o, kí ẹ tó máa wá igi tí ẹ ó fi kọ́ òmíràn? Rárá o. Bí òjò bá dé ńkọ́? Bí ewúrẹ́ bá dé ńkọ́? Àgbẹ̀ tó gbọ́n á kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Á kó iṣu wọ ibẹ̀, á sì kà á. Ìgbà tí iṣu bá pé ni á tó wó ti àtijọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ń kó ìkànnì.

Kí ni ìkànnì? Níbo ló ń gbé?

Ìkànnì ni àwọn ojú ìwé tí ẹgbẹ́ tàbí oníṣòwò fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Lomé lè ṣí i lórí tẹlifóònù rẹ̀, kó sì kà á. Orúkọ ìkànnì púpọ̀ ní ilẹ̀ Benin a máa fi .bj parí. Ti Tógò a máa fi .tg parí.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá onígàrí kan ní Kétu ní ìkànnì. Wọ́n kọ iye owó gàrí síbẹ̀. Oníbàárà á kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀, àti iye àpò tó fẹ́.

Ìkànnì yìí kì í gbé inú afẹ́fẹ́. Inú kọ̀ǹpútà kan ló ń gbé, tí a kì í pa lọ́sàn-án tàbí lóru. Sáfà la ń pe kọ̀ǹpútà náà. Ó lè wà ní ìlú òkèèrè. Ẹgbẹ́ á máa san owó fún ẹni tó ni ín, bí ẹni ń san owó ilé.

Nínú sáfà ni ètò ìdarí wà. Òun ló ń pín iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, òun ló ń tọ́jú ìwé, òun náà ló ń ṣọ́ ilẹ̀kùn.

Ètò ìdarí ń gbó

Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ihò lára ètò ìdarí lójoojúmọ́. Bí a bá rí ihò, àwọn tó ń tọ́jú ètò náà á dí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn ò ní dí i mọ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ètò ìdarí kan wà tí wọ́n ń pè ní CentOS 7. Ó jáde ní ọdún 2014. Ọ̀fẹ́ ni, sáfà púpọ̀ ló sì lò ó. Ìtọ́jú rẹ̀ parí ní ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2024. Èyí tó tẹ̀ lé e, CentOS 8, kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n kéde pé ìtọ́jú rẹ̀ yóò parí ní òpin ọdún 2021. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi gbé AlmaLinux àti Rocky Linux jáde ní ọdún 2021. Ọ̀fẹ́ ni àwọn náà. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn yóò tọ́jú AlmaLinux 9 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2032.

Ẹ ṣọ́ra o. Lọ́jọ́ tí ìtọ́jú bá parí, sáfà kì í kú. Ìkànnì á ṣì máa ṣí. Ohun tó ń tan ni jẹ nìyẹn. Ikán kì í pariwo.

Ìgbésẹ̀ méje

1. Ẹ kọ gbogbo ẹrù sílẹ̀. Ojú ìwé, àwòrán, orúkọ oníbàárà, àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ béèrè pé: orúkọ ta ni wọ́n fi ra orúkọ ìkànnì wa? Bó bá jẹ́ orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá yín ṣe é, tó sì ti lọ sí ìlú mìíràn, ẹ wá a kàn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

2. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì. Ẹ má ṣe fi méjèèjì síbì kan náà. Ẹ ṣí wọn wò. Ẹ̀dà tí a kò ṣí rí, a ò lè gbọ́kàn lé e.

3. Ẹ gba sáfà tuntun, tó ní ètò ìdarí tuntun. Ẹ má fọwọ́ kan ti àtijọ́. Ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

4. Ẹ kó ẹ̀dà wọ inú ti tuntun. Ẹ ka orúkọ oníbàárà. Ṣé wọ́n pé?

5. Ẹ dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lè ṣe é kí òun nìkan máa rí ti tuntun, nígbà tí ará ìta ṣì ń rí ti àtijọ́. Ẹ̀ka yìí ni kí ẹ má kánjú sí. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọ̀ àtijọ́ lè má bá ẹ̀rọ tuntun mu. PHP jẹ́ èdè tí a fi kọ ìkànnì púpọ̀. PHP 5.4 ló bá CentOS 7 wá, PHP 8.0 ló bá AlmaLinux 9 wá. Àwọn àṣẹ kan wà tí ti àtijọ́ gbọ́, tí ti tuntun ò gbọ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ ara yín béèrè àpò gàrí kan, kí ẹ rí i bóyá ó wọlé. Ẹ tún wo bí èdè wa ṣe rí. Bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè níbi tó yẹ kí ẹ, ọ àti ṣ wà, ẹrù ti fọ́ lọ́nà. Ẹ ní kí wọ́n tún un kó.

6. Ẹ yí atọ́nà padà. Ìwé kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ ibi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Àwọn kọ̀ǹpútà a máa rántí ìdáhùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì lè tó ìṣẹ́jú àáyá 86 400. Kí ọjọ́ ìkólọ tó pé, ẹ ní kí wọ́n dín in kù sí 300. Lọ́jọ́ náà, ẹ dá gbígba ìbéèrè dúró díẹ̀. Ẹ kó èyí tó ṣẹ́kù, kí nǹkan kan má bàa ṣẹ́kù sí ilé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí atọ́nà.

7. Ẹ má tètè wó ti àtijọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí ohun gbogbo bá dára, ẹ pa orúkọ oníbàárà rẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó fọwọ́ ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni ẹrù. Ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó béèrè, wọn ò lè sọ fún un pé "ó ti parí" nígbà tí kò tíì parí.

Àwọn àgbà ní: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ dáhùn

1. Kí ni iṣẹ́ ètò ìdarí?
2. Kí ló dé tí a kì í fi wó ilé àtijọ́ kíákíá?
3. Nínú ẹgbẹ́ tiyín, ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà? Bí ẹni náà bá rìnrìn àjò ńkọ́?

Ẹ ṣírò

1. Wákàtí mélòó ló wà nínú ìṣẹ́jú àáyá 86 400? Ìṣẹ́jú mélòó ló wà nínú 300?
2. Ẹgbẹ́ ń san 4 000 fráǹkì lóṣù fún sáfà àtijọ́, 5 000 fún tuntun. Wọ́n lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù kan. Èló ni wọ́n san lóṣù náà?
3. Oníbàárà 312 ló wà nínú sáfà àtijọ́. Nígbà tí wọ́n ka ti tuntun, wọ́n rí 297. Mélòó ló sọnù? Ṣé kí wọ́n yí atọ́nà lónìí? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.