Àpótí ìmọ̀: Ìwé kan, ojú kan

Ohun tó ń da iṣẹ́ ọ́fíìsì rú jù ni kí ìwé kan ṣoṣo di mẹ́rin: ọ̀kan wà nínú ímeèlì ọ̀gá, òmíràn wà lórí kọ̀ǹpútà akọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ àṣekágbá. SharePoint, ètò kọ̀ǹpútà tí Microsoft gbé jáde lọ́dún 2001, lè fi ìwé náà sójú kan, kí gbogbo ẹni tó láṣẹ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ̀dà àtijọ́ sì wà ní ìpamọ́ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yí i padà. Ìpínrọ̀ tí ẹnìkan ṣèèṣì pa rẹ́ kò sọnù mọ́.

Àwọn kan á ní bí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán: OneDrive, ètò Microsoft mìíràn, lè tọ́jú ẹ̀dà sórí kọ̀ǹpútà, kó sì mú ẹ̀dà yìí àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì bára mu nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé. Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra gan-an ni Power Automate, ètò Microsoft tó lè gbé ìwé ìbéèrè owó lọ bá ọ̀gá fún ìfọwọ́sí láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an. Bí ìlànà ọ́fíìsì bá ti wọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà wíwọ́ náà ni ẹ̀rọ á máa sáré gbà. Kí a kọ́kọ́ kọ ìlànà náà sórí pépà: ta ló ń buwọ́ lùwé, ta ló sì ń dúró fún un bó bá gba ìsinmi?