Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ipò Òkú Wà?

Ibi kíkà: Ìfihàn 1:9-18, Ìṣe 2:24-31, Ìfihàn 20:10-14

Ará nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Bíbélì wa pè ní ipò òkú nínú Ìfihàn 1:18 ni Hades. Orúkọ ọba ni kó tó di orúkọ ibùgbé.

Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, ọmọ Kronos mẹ́ta ṣẹ́ gègé. Ojú ọ̀run bọ́ sọ́wọ́ Zeus, òkun bọ́ sọ́wọ́ Poseidon, abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn òkú ń gbé sì bọ́ sọ́wọ́ Hades. Ẹni rere àti ẹni burúkú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ajá rẹ̀, Kerberos, ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde. Ní ọ̀rúndún kejì, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Pausanias rí àwòrán ọba yìí tí wọ́n gbẹ́ ní Olympia, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti ti ilẹ̀kùn pa, ẹni tó bá wọlé kò ní padà mọ́.

Ẹ wá rántí pé ìlú tí wọ́n ti ń sọ Gíríìkì, bí Éfésù, ni Jòhánù fi Ìfihàn ránṣẹ́ sí. Ẹ wo bí yóò ti rí létí wọn pé ọwọ́ Jésù, ẹni tó kú tó sì jí, ni kọ́kọ́rọ́ náà wà!

Ẹ̀kọ́ wa:

1. Sátánì kì í ṣe ọba ipò òkú. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló gbé e sórí ìtẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìfihàn 20:10 sọ pé a sọ ọ́ sínú adágún iná, níbi tí a óò ti máa dá a lóró. Ẹsẹ 14 fi hàn pé a óò sọ ipò òkú fúnra rẹ̀ sínú iná.

2. Jésù wọ ibẹ̀, kò sì há síbẹ̀. Ohun tí Pétérù wàásù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì nìyẹn.

3. Ẹ̀rù òkú kò gbọdọ̀ sọ wá di ẹrú. Bí o bá lá àlá òkú lóru, tàbí tí ikú mú ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá lọ, má sáré lọ ra ọṣẹ tàbí òrùka ààbò. Ẹni tó tà á fún ọ kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Sunkún bí ó bá yẹ kí o sunkún, ṣùgbọ́n sun ún pẹ̀lú ìrètí.

Fún ìjíròrò: Kí ni à ń ṣe nígbà ọ̀fọ̀ tó ń fi hàn pé a rò pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Àdúrà: Jésù Olúwa, gbà wá lọ́wọ́ ẹ̀rù ikú. Àmín.