Ẹ̀KỌ́: ÌPARADÀ TÒÓTỌ́
Bíbélì kíkà: Róòmù 12:1-2, 2 Kọ́ríńtì 3:18, 11:13-15
Ẹsẹ àkọ́sórí: Róòmù 12:2

ÌFÁÀRÀ
Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, metamorphosis. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá: meta ń sọ nípa ìyípadà, morphe sì ni ìrísí. A máa ń lò ó fún kòkòrò tí ó di labalábá. Nínú Májẹ̀mú Titun, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a tan wà lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré: nígbà tí ara Jésù yí padà lórí òkè (Mátíù 17:2, Máàkù 9:2), àti ní ibi méjì tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ nípa àwa onígbàgbọ́.

1. Ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì
Bíbélì Yorùbá lo "parada" ní Róòmù 12:2. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ó lò fún Sátánì tí ń ṣe bí áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni ti Sátánì. Àwọ̀ òde nìkan ni ó kàn. Ẹ rántí ìtàn àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀, tí ó di obìnrin. Ó tọ́jú awọ náà pamọ́. Nígbàkígbà, ó lè tún gbé e wọ̀.

2. Kòkòrò sányán
Kòkòrò sányán kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n a jẹ ewé, wọ́n a pawọ́ pọ̀ hun ìtẹ́ kan ṣoṣo sórí igi, wọ́n a sì sé ara wọn mọ́ inú rẹ̀. Bí àkókò bá pé, àfòpiná ni yóò jáde. Ìtẹ́ wọn ni àwọn ìyá wa fi ń ran òwú sányán. Àfòpiná kan kò sì lè padà di kòkòrò tí ń jẹ ewé mọ́.

3. Ìlò ẹ̀kọ́ náà
Bí ẹnì kan ní Afo bá wọ sányán wá sí ìsìn, tí ó sì fi òṣùwọ̀n èké ra kòkó àgbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, aṣọ ni ó pààrọ̀, òun kò tíì paradà. Inú ni Pọ́ọ̀lù ní kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀mí Olúwa ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ìrètí nù bí kò bá pé lóòjọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àgbọ̀nrín inú ìtàn àti kòkòrò sányán?
2. "Awọ" wo ni a ṣì ń tọ́jú pamọ́?
3. Báwo ni ará ilé wa yóò ṣe mọ̀ pé a ti paradà?