Ta Ni Yóò Máa Dá Ẹmu fún Wa?

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ẹmu. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni mu ún. Mo bá bàbá mi àgbà lọ sídìí ọ̀pẹ ní Ìjoun níbí, mo sì rí i pé ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì ni Bàbá ń ṣe láràárọ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti máa ń fi igbà yí ara wọn àti ọ̀pẹ ká, tí wọ́n á sì gùn ún. Wọ́n á gé ìdí òdòdó akọ tí kò tíì là, wọ́n á gbé akèrègbè kọ́ ọ. Omi dídùn á máa kán sínú rẹ̀. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún fi ọ̀bẹ mímú gé ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà dí.

Kí ló wá ń sọ omi dídùn di ẹmu? Ìwúkàrà ni. Ó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sì ti mọ́ akèrègbè lára. Á jẹ ṣúgà inú omi náà, á sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Gáàsì yẹn ló ń hó lórí ẹmu. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé e kì í fi í dé ọmọrí kẹ́ẹ̀gì pinpin: á bú! Ẹmu àárọ̀ dùn, tìrọ̀lẹ́ le. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín mìíràn á ti sọ ọ́ di kíkan.

Ilẹ̀ Faransé, tó ṣàkóso Benin tó múlé gbè wá yìí tẹ́lẹ̀, náà ní abúlé ọlọ́tí. Èso àjàrà ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń ká a, lọ́wọ́ oṣù kẹsàn-án. Wáìnì wọn lè wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1935 sì ń dáàbò bo orúkọ ibi tí wáìnì ti wá, kí ará ibòmíràn má baà lò ó. Ẹmu tiwa kì í dúró de ọ̀la. Ojoojúmọ́ lèèyàn gbọ́dọ̀ gun ọ̀pẹ.

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi èyí ṣe ìtàn. Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952, adẹ́mu já bọ́ látorí ọ̀pẹ, ó kú. Ọ̀mùtí ò rí ẹlòmíràn tó lè dá a bíi tirẹ̀, ló bá wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Bàbá mi àgbà náà já bọ́ lọ́dún tó kọjá. Igbà ló já. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣèṣe. Ó ti san, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kúkúrú nìkan ni wọ́n ń gùn báyìí. Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ́ mi, wọ́n ní, “Rárá o. Ìwé ni igbà tìrẹ.”

Mo gbọ́. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó kí n kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kéèyàn tó gun ọ̀pẹ, kó tẹ igbà síwá sẹ́yìn, kó fetí sí i. Èyí tó bá ń dún ti gbẹ jù, kó sọ ọ́ nù. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo ti kọ kún.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ń dá ẹmu, tàbí tí ìyá yín ń tà á, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn wá ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí. Ká má baà di ẹni tó ń wá adẹ́mu lọ sí ìlú òkú.