Ìlẹ̀kẹ̀ Kan Ṣoṣo Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS bi mí ní ìbéèrè kan láìpẹ́ yìí, mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ lọ́kàn. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún òun pé purotéènì ni ó ń mú ara dàgbà, òun kò jẹ́ kí ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja wọ́n lẹ́nu ọmọ náà. Ọmọ ń yó, ó sì ń ga, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti mú, a tún máa ké lóru pé eegun ń dun òun. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Dókítà, ìgbà wo ni oúnjẹ yìí yóò sọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi di AA?"

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Kí a tó dáhùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná ná.

Ẹ fọ́ ẹyin kan sínú àwo. Funfun rẹ̀ ń yọ̀, ó ń ṣàn, ẹ sì lè rí ìdí àwo láti inú rẹ̀. Ẹ gbé e kaná: kò ní pẹ́ dì, yóò sì funfun báláú. Bí ó tilẹ̀ tutù títí di ọ̀la, kò ní ṣàn mọ́. Kí ni iná ṣe fún un? Omi àti purotéènì ni funfun ẹyin. Bí purotéènì náà ti ká jọ tẹ́lẹ̀ ni iná bàjẹ́.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ni ara ń lò, àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní ámínò ásíìdì. Bí òwú náà bá ti kún, kì í nà gbọọrọ. Ńṣe ni yóò lọ́ mọ́ ara rẹ̀ ní ọ̀nà kan pàtó. Bí ó bá ti ká sí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, gẹ́gẹ́ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ti ń sọ àgádágodo tí yóò ṣí. Èyí tí ó rí bí okùn ni ó di awọ ara mú. Èyí tí ó ní kòtò lára ni ó ń gé oúnjẹ wẹ́wẹ́ nínú ìfun. Èyí tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ni hímógílóbíìnì.

Oúnjẹ ni a ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀ rárá. (Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ̀kọ gbọ́n o: èyí tí kò pọ̀ tó nínú àgbàdo, ẹ̀wà ní i, èyí tí kò pọ̀ tó nínú ẹ̀wà, àgbàdo ní i.) Ṣùgbọ́n ikùn àti ìfun a máa tú gbogbo rẹ̀ sí ẹyọ ẹyọ kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé e lọ. Ara ni yóò tún un sín, ìlànà tí ó sì ń tẹ̀ lé ti wà láti ọjọ́ tí a ti lóyún wa, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá.

Òwú mẹ́rin ni ó lọ́ mọ́ra di hímógílóbíìnì kan: méjì ní ìlẹ̀kẹ̀ 141 lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì ní 146. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ti ẹni tí ó jẹ́ SS yàtọ̀. Ní 1957, Vernon Ingram ní Cambridge ṣàlàyé pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni ó yí padà. Òun ni ìkẹfà nínú òwú onílẹ̀kẹ̀ 146. Èyí tí ó fẹ́ràn omi ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀; èyí tí ó ń sá fún omi ni ó jókòó sí àyè rẹ̀.

Bí hímógílóbíìnì SS bá ti já ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, ojú ibi tí ó ń sá fún omi náà a lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn a lẹ̀ mọ́ ẹnìkẹta, títí wọn yóò fi di ọ̀pá líle. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto, kí ó sì rọ̀, a wá tẹ̀ bí dòjé. A há sínú iṣan tín-ín-rín, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà kọjá, eegun kò rí ọ́síjìn. Ìrora tí ó ń mú wa pe ọmọ ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí ó lo nǹkan bí 120 ọjọ́ a sì kú láàrin 10 sí 20 ọjọ́.

Ọmọ tuntun kì í tètè rí ìyọnu yìí, nítorí hímógílóbíìnì inú oyún, tí méjì nínú òwú rẹ̀ yàtọ̀, ni ó gbé wá sáyé. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó máa wú. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, tí a sọ ní Málọmọ́, tí a sì sín ní gbẹ́rẹ́. N kò dá àwọn àgbà lẹ́bi. Ta ni ìbá fojú rí ìlẹ̀kẹ̀ kan nínú 146? Ẹni tí n kò lè gbè ni àwọn méjì tí wọ́n mọ̀ pé AS ni àwọn, tí wọ́n ní bí àwọn bá ti bí SS kan, mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́! Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ní ewu ẹyọ kan nínú mẹ́rin tirẹ̀.

Nítorí náà, ìyá mi, ẹyin kò lè sọ SS di AA. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ẹyin mú wá, kò mú ìlànà sísín wá. Àwọn dókítà lè fi mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn yí ẹ̀jẹ̀ padà, àti ní 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún ìlànà ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tíì ṣe é gbọ́ létí.

Ẹ má ṣe dá ẹyin dúró o. Ojoojúmọ́ ni ara ọmọ yín ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun dípò èyí tí ó kú. Ẹ fi fólíìkì ásíìdì tì í, àti omi púpọ̀, nítorí bí omi ara bá ti dín kù ni ọ̀pá wọnnì ń tètè dì. Ẹ fi aṣọ bò ó nígbà òtútù, kí ó sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi dókítà yín nípa oògùn haidirosiúríà, tí ń mú kí ara tún máa ṣe hímógílóbíìnì ti inú oyún. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ lápá òsì bá ṣàdédé wú, ẹ má ṣe dúró de ìdájí. Òru yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.