Ayò Tí Wọ́n Ti Nà Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti bí Sátidé mẹ́rin ni mo ti ń wò yín nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí a ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Rye Lane yìí. Ọwọ́ yín yá, ọpọlọ yín sì jí pépé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti na ẹnì kan nínú yín báyìí, kíá ló ti gbá gbogbo ọmọ orí pátákó jọ, tó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ta." Ibẹ̀ ló ń dùn mí. Ayò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà yín yẹn ni olùkọ́ yín, ẹ sì ti lé e jáde kó tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Mikhail Botvinnik fún yín, ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní 1911. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlá kó tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni, kò sì pa iṣẹ́ náà tì nígbà tó di ọba ayò lágbàáyé.

Ní ìparí 1934 ló wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí fún ìdíje Hastings. Wákàtí méjì péré kí ayò tó bẹ̀rẹ̀ ló gúnlẹ̀. Àmì 5 nínú 9 ló rí mú lọ sílé. Lasker, àgbà tó ti fi ọdún 27 jọba ayò, ló bá a wí pé ó yẹ kó ti dé ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ó gbọ́rọ̀ àgbà. Nígbà tó padà wá ní 1936, sí Nottingham, òun àti Capablanca ló jọ gba ipò kìíní, ẹnikẹ́ni kò sì nà án. Èmi náà ti jẹ irú ìyà Hastings yẹn rí: ọkọ̀ ojú irin já mi sílẹ̀, mo sáré wọlé tí òógùn bò mí, aago mi ti ń ká lọ, kí n sì tó mí dáadáa, ẹṣin mi kan ti lọ.

Ẹni tó bá dàgbà sídìí ayò ọlọ́pọ́n lábẹ́ igi mọ̀ pé àwọn òǹwòran kì í dákẹ́. Wọ́n á máa ki ọ̀ta, wọ́n á máa fi ọ̀pẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Botvinnik kò ní irú igi bẹ́ẹ̀ tó lè jókòó sábẹ́ rẹ̀, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín. Bó bá ń bá Ragozin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ta ayò ìdánrawò, á ní kó máa fẹ́ èéfín sìgá sí òun lójú, kí rédíò sì máa ké. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ bá ń kùn, tí àwọn oníbàárà sì ń bá oníṣu ná ọjà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni kó dákẹ́.

Ní 1960, Tal, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, gba adé lórí Botvinnik pẹ̀lú àmì 12½ sí 8½. Botvinnik ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ó padà sídìí àwọn ayò tí wọ́n nà án, ó tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé bí pátákó bá ṣí gbayawu, Tal kò ṣeé dè. Ó bá ń wá ibi tí pátákó á ti há, tí ayaba méjèèjì á ti tètè kúrò nílẹ̀. Ní 1961, 13 sí 8 ló fi gba adé rẹ̀ padà. Òótọ́ ni pé àìsàn kíndìnrín ń bá Tal jà lọ́dún náà, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni iṣẹ́. Nígbà tó di olùkọ́, iṣẹ́ kan náà ló ń gbé lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, Karpov, Kasparov àti Kramnik sì wà lára wọn.

Báwo lẹ ó ṣe ṣe é? Ẹ kọ gbogbo bí ọmọ ṣe ń rìn sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má tíì bi kọ̀ǹpútà. Ẹ má wá ibi tí ayaba ti kú. Ẹ wá ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ ṣí ọmọ láìmọ ìdí rẹ̀. Ọ̀kan nínú yín sunkún ayaba tó sọnù ní ìgbésẹ̀ 31 ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n láti ìgbésẹ̀ 14 ló ti rán ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọba lọ sí oko. Ẹ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín nígbà náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gbé e fún kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé fúláàtì wa ní Peckham há, tí àbúrò ń ké, tí tẹlifíṣọ̀n ń pariwo. Tanitoluwa Adewumi, ọmọ wa, ilé àwọn aláìnílé ló ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ nígbà tó gba ife ṣẹ́ẹ̀sì ìpínlẹ̀ New York láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2019. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà náà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ò ní to pátákó fún ayò tuntun. Kí kálukú mú ìwé ayò kan tí wọ́n ti nà án wá. Èmi náà á mú tèmi wá, èyí tí ẹṣin mi ti lọ. Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún mi ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.