Ẹ̀kọ́ Kẹtàdínlógún: Etí Ni Ó Ń Ṣọ́ Ojú

Àwọn àgbà máa ń wí pé ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ní ń ṣọ́ ojú nígbà tí orí bá ń mì?

Ẹ wo ọmọ tó jókòó sẹ́yìn onízémidjan lójú ọ̀nà Kétu. Ọ̀nà kún fún kòtò. Alùpùpù ń fò sókè, ó ń balẹ̀, orí ọmọ náà sì ń mì láìsinmi. Síbẹ̀, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, ó sì ń dá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ lókèèrè. Báwo ló ṣe ń ṣe é?

Ẹ dán an wò

Ẹ gbé ìwé yìí sí iwájú ojú yín. Ẹ má mi orí. Ìwé ni kí ẹ máa mì sọ́tùn-ún sósì kíákíá. Àwọn lẹ́tà á dàpọ̀ mọ́ra, ẹ kò ní lè kà wọ́n.

Ó yá, ẹ di ìwé mú kí ó dúró sójú kan. Orí ni kí ẹ máa mì báyìí, bí ẹni tó ń sọ pé òun kò gbà. Ẹ mì ín kíákíá bí ẹ ti mi ìwé. Ẹ ó rí i pé ìwé náà ṣe é kà.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Nígbà tí ìwé ń mì, ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ìwé ti kúrò ní àyè rẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé e. Èyí ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Kí ojú tó débẹ̀, ìwé ti lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí orí ń mì, ojú kì í dúró de ohun tó máa rí. Etí ti sọ fún ọpọlọ ṣáájú.

Omi inú etí

Kì í ṣe etí tí a ń fi yẹtí sí ni à ń wí. Nínú lọ́hùn-ún, nínú egungun orí, lẹ́yìn ìlù etí, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka. Mẹ́ta wà ní etí ọ̀tún, mẹ́ta wà ní etí òsì. Omi ló kún inú wọn. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjú síra yàtọ̀, nítorí náà, bó ṣe wù kí orí yí, wọ́n á mọ̀.

Bí ẹ bá yí igbá omi lójijì, igbá á yí, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi inú etí ń ṣe nígbà tí orí bá yí. Omi tó ṣẹ́kù sẹ́yìn yìí á tẹ àwọn irun wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Irun náà á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á ránṣẹ́ sí iṣan mẹ́fà tó ń yí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Orí lọ sọ́tùn-ún, ojú lọ sósì. Orí lọ sókè, ojú lọ sísàlẹ̀. Nítorí náà, ohun tí à ń wò kì í kúrò lójú wa.

Gbogbo ìránṣẹ́ yìí kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. A kì í rò ó kí a tó ṣe é. Irú ìṣe bẹ́ẹ̀ ni èdè Faransé ń pè ní réflexe.

Ìdí tí òòyì fi ń kọ́ wa

Bí àwọn ọmọ bá ń yí pooyì nínú eré, omi inú etí á bá wọn yí nígbà tó bá yá. Bí wọ́n bá dúró lójijì, omi náà kò tíì dúró. Etí á máa sọ fún ọpọlọ pé orí ṣì ń yí, ojú á sì máa sáré. Igi àti ilé á dà bí ohun tó ń yí. Bí omi bá dúró, òòyì á lọ.

Bí irun inú etí bá kú

Streptomycin jẹ́ oògùn tó ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ó lè pa irun wẹ́wẹ́ inú etí. Dókítà Amẹ́ríkà kan tí èyí ṣẹlẹ̀ sí kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní ọdún 1952. Bó bá ń rìn, gbogbo nǹkan á máa fò lójú rẹ̀. Ó ní láti dúró kí ó tó lè ka pátákó tàbí kí ó dá ojú ènìyàn mọ̀. Lórí ibùsùn pàápàá, bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù kìkì ti tó láti mi orí rẹ̀, àwọn lẹ́tà inú ìwé á sì máa fò. Àfi kí ó fi orí há àárín irin méjì kí ó tó lè kàwé.

Ojú dókítà yìí kò fọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ojú ni kò sí mọ́.

Gentamicin, tí a mọ̀ dáadáa ní àwọn ilé ìwòsàn, jẹ́ ọmọ ìyá oògùn yìí. Ó ń wo àìsàn, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ra abẹ́rẹ́ lórí àtẹ lọ́jà. Bí ọmọ kan bá sì sọ pé nǹkan ń fò lójú òun bí òun bá ń rìn, ẹ má fi í ṣẹ̀sín, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ sọ fún olùkọ́ àti àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè

1. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó ló wà nínú etí méjèèjì?
2. Bí orí bá yí sósì, ibo ni ojú ń yí sí?
3. Kí ló dé tí òòyì fi ń kọ́ ẹni tó dẹ́kun yíyí lójijì?
4. Kí ló dé tí dókítà náà fi ń fi irin di orí rẹ̀ mú?

Iṣẹ́ ilé

Ẹ rọra gbé adìẹ dání, kí ẹ máa yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Ẹyinjú adìẹ kì í lè yí púpọ̀ bíi tiwa. Kí ni ó ń lò dípò rẹ̀? Ẹ kọ ohun tí ẹ rí ní ìlà mẹ́ta.